Alágbàfọ̀ Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Dọ́là mẹ́rin ni Arvella Stoneburner fi ra ère alágbàfọ̀ náà, síbẹ̀ ńṣe ló ń bojú wẹ̀yìn nígbà tó ń sanwó. Kì í ṣe pé owó ọ̀hún pọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á kí ẹlòmíì má baà rí ohun tó rí kó tó gbé e dénú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, ojo ni obìnrin yìí. Ó ń bẹ̀rù ejò, ó ń bẹ̀rù àrá, ó ń bẹ̀rù afárá orí odò Muskingum tí tọmọdé tàgbà ń gbà kọjá láìbìkítà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, ẹ̀rù kan ti gbé gbogbo ìyókù mì: ẹ̀rù pé èémí Denzil ọkọ rẹ̀ á tán lójijì níjọ́ kan, òun ò sì ní sí nítòsí.

Ẹni tó bá rí bí Denzil ṣe ń mí kò ní bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọkùnrin náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Hartsock, ilé iṣẹ́ amọ̀ tó wà ní Bright Hollow ní Ohio níbí kó tó kógbá sílé. Ìdí ààrò ni wọ́n fi í sí. Fún ọdún mọ́kànlélógún gbáko ló ń kó ìkòkò òdòdó wọnú iná, tó ń kó o jáde, ìkòkò tí wọ́n mọ bí ère: àgùntàn, ọ̀pọ̀lọ́, orí obìnrin tó dé fìlà, ọmọ tó ń fọn fèrè. Àwọn olódòdó a bu ilẹ̀ sí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n a gbin ewé kékeré kan sí i, wọ́n a gbé e lọ fún ìyá ìkókó tàbí aláìsàn. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ilé kan tí méjì mẹ́ta kò sí lójú fèrèsé ìdáná rẹ̀. Hartsock ti lọ, ṣùgbọ́n eruku Hartsock kò lọ. Ó wọ ẹ̀dọ̀fóró Denzil, ó jókòó síbẹ̀ bí onílé.

Ní báyìí ẹ̀rọ kan wà ní pálọ̀ wọn tó ń fa afẹ́fẹ́ ilé, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan fẹ́ ẹ sí i nímú. Ibi tí rọ́bà yẹn bá gùn dé ni ayé Denzil mọ. Ó lè dé ìdáná, ó lè dé yàrá, ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kó máa wo igi. Imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan mọ́. Kọfí ni o, omi ọṣẹ ni o, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ fún un. Ọkùnrin tó ń gbé pákó tó kún fún ogójì ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà kan rí, kò lè gbé kẹ́tù omi láìdúró sinmi, ìyẹn sì ń dùn ún ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ.

Arvella ló ń wá owó ilé. Bí àgbàlagbà kan bá kú ládùúgbò, tí àwọn ọmọ kò bá fẹ́ ẹrù rẹ̀, wọn a ṣílẹ̀kùn ilé fún ọjọ́ méjì kí ará ìta wọlé wá rà á. Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ni àwọn oníṣòwò ti máa ń tò sórí koríko, tí wọ́n ń gba nọ́ńbà ìwọlé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, nílé opó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, nọ́ńbà ìkọkàndínlógún ni Arvella gbà. Èèyàn méjìdínlógún ti kọjá lára alágbàfọ̀ náà kó tó dé ibẹ̀. Ta ni kò ní kọjá? Ọ̀rá ìdáná ti bò ó, ìpẹ́ funfun tí omi máa ń fi sílẹ̀ ti gbá a lẹ́nu yí ká, ewé ẹlẹ́gùn-ún kan sì ti gbẹ kú sínú rẹ̀. Obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ sídìí agbada ìfọṣọ ni wọ́n mọ, agbada yẹn gan-an sì ni ibi tí wọ́n ń gbin ewé sí.

Arvella dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìdí ìkòkò ni olóye kọ́kọ́ máa ń wò, òpè ló máa ń wo ojú. Ó rí i pé ibi tí dídán bíi díńgí tó bo ara rẹ̀ kò dé lábẹ́ rẹ̀ pọ́n bí bọ́tà, amọ̀ Ohio nìyẹn, torí funfun báláú ni irú rẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Japan. Nọ́ńbà Hartsock wà níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ wọnú amọ̀ kó tó gbẹ. Ó fa tépù yọ, ó wọ̀n ọ́n: ínṣì mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú, ara ògbólógbòó ni wọ́n ti ń mú àwòṣe, amọ̀ sì máa ń sún kì nínú iná, nítorí náà ayédèrú máa ń kúrú ju ojúlówó lọ ṣáá ni. Èyí kò kúrú. Ó wo ọ̀tún wo òsì, ó fi etí agbada náà kan eyín iwájú rẹ̀. Ibi tó bá ti fọ́ rí tí wọ́n fi ohun kan lẹ̀, eyín máa ń mọ̀ pé ó rọ̀. Kò rọ̀ níbì kankan. Ìgbà tó wá fi àtàǹpàkò ra ọ̀rá ojú rẹ̀ díẹ̀, ètè pupa àti ìborí búlúù ló yọ sí i.

Ọ̀dà ni. Bí Hartsock bá sun ìkòkò tán, wọ́n máa ń kó o lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí àwọn obìnrin kan fi búrọ́ọ̀ṣì kun ètè àti aṣọ fún un. Ọ̀dà yẹn kò rí iná, ó kàn jókòó sórí dídán náà ni. Ìyàwó ilé tó bá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré ti fọ̀ ọ́ dànù. Alágbàfọ̀ tí kò lọ́dà pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì wà, ìwé iye owó tí Arvella ń lò kò tilẹ̀ ní àwòrán rẹ̀. Ọ̀rá ìdáná opó yẹn ló bò ó tí kò jẹ́ kó ṣí.

Ó délé, ó fi òwú àti òróró nu ọ̀rá náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ó wá pe Corinne Haverfield, oníṣòwò kan ní Columbus tí wọ́n ti jọ ń ra nǹkan àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Corinne ní òun á wá wò ó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: dídán ojú obìnrin náà ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi ilẹ̀ sì ti gba inú àwọn ìlà yẹn wọlé, ó sọ wọ́n di rúsúrúsú. Arvella sọ fún Corinne lórí fóònù pé bí kì í bá ṣe ti àbàwọ́n ojú yẹn ni, òun ì bá pè é ní ẹgbẹ̀ta dọ́là láìbojúwẹ̀yìn. Ó rò pé Denzil ń sùn lórí àga. Denzil kò sùn.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Arvella ti gbé alágbàfọ̀ sórí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ tó wà nídìí àtẹ̀gùn ní yàrá abẹ́ ilé, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti lè kàn án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó da fíníígà funfun sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé ìdajì, ó sì rẹ ìkòkò márùn-ún olówó pọ́ọ́kú sínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ àti àgùntàn tí wọn kò lọ́dà rárá, torí pé kíkan fíníígà ló ń bó ìpẹ́ funfun lára amọ̀. Omi lásán lẹni tí kò bá gbóòórùn rẹ̀ máa pè é.

Bó ṣe gòkè wá, Denzil bi í pé kí ló ń ṣe nísàlẹ̀ láti àárọ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, kó jókòó kó sinmi. Ohun tó máa ń sọ fún un nìyẹn láti ọdún méjì. Ó rò pé ìtọ́jú ni. Ọkùnrin tó ti mọ amọ̀ kó tó mọ ìyàwó, tó lè fi etí mọ ìkòkò tó sán, aya rẹ̀ ń dá a lóhùn bí ẹni ń dá ọmọ ọdún mẹ́ta lóhùn. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí. Arvella mú agbọ̀n, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ ká tòmátì tó kù kí ìrì dídì tó pa á.

Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó padà wọ ìdáná, àga Denzil ló kọ́kọ́ rí, kò sì sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ń kùn bó ṣe máa ń kùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ yàrá wò, ó yẹ balùwẹ̀ wò. Ìgbà náà ló wá wolẹ̀, tó rí rọ́bà. Ó gba abẹ́ tábìlì, ó gba ìdí fíríìjì, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé wọlé. Ó le gan-an, kò dẹ̀ mọ́, bí okùn tí nǹkan so mọ́ ìdí rẹ̀.

Òórùn kan wá ta á nímú. Ó jọ ti omi ìlúwẹ̀ẹ́ iléèwé, ṣùgbọ́n ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ń mú omi jáde lójú. Arvella dúró gbagidi. Ó rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó rántí gálọ̀nù bílíìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Kò sí oníṣòwò ìkòkò kan tí kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé, torí pé bí wọ́n bá ti pàdé, gáàsì tó ń pa èèyàn ni wọ́n ń bí. Àyà rẹ̀ já. Láti abẹ́ ilẹ̀kùn ló ti gbọ́ ìkọ́, ìkọ́ gbígbẹ tí kò ní agbára.

Ó ṣílẹ̀kùn, gáàsì náà sì gbá a lójú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́yìn. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. Denzil wà lórí ìkẹta láti ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ó fi èkejì tẹ rọ́bà mọ́ imú, orí rẹ̀ sì wà lórí àyà. Arvella kígbe orúkọ rẹ̀. Orí yẹn gbé sókè díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

Ó sáré lọ sídìí fóònù ara ògiri, ó tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì. Ohùn obìnrin kan dáhùn, ohùn jẹ́jẹ́, ó ń béèrè àdírẹ́sì bí ẹni pé kò sí wàhálà láyé. Arvella sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń kọ́ra.

"Ẹ má sọ̀ kalẹ̀, mà. Ṣé ẹ gbọ́ mi?" ni obìnrin náà wí. "Tí ẹ bá ṣubú síbẹ̀, ẹni méjì la máa wá gbé."

"Ó ń wúkọ́. Mo ń gbọ́ ọ."

"Ìyẹn dáa. Gáàsì yẹn wúwo, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ ní kó máa gun òkè bọ̀. Àwọn panápaná ti ń bọ̀."

Okùn fóònù kò gùn dé ẹnu ilẹ̀kùn. Arvella jẹ́ kó máa rọ̀ dirodiro, ó sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Orí nọ́ńbà méjì ló máa ń wà, ó yí i dé márùn-ún, ibi tó lágbára dé nìyẹn. Pálọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ti ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ pálọ̀ sì mọ́. Nígbà tó ń sáré padà ni ọ̀rọ̀ tó sọ láàárọ̀ wá gún un lọ́kàn: ọkọ òun béèrè, òun ní kò sí nǹkan kan. Ká ní òun ti la ẹnu sọ pé fíníígà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó fẹ́ sunkún, àyè ẹkún kò sì sí.

Ó rẹ aṣọ ìnuwọ́ sínú omi, ó fi bo imú, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn òkè pátápátá. Ó sọ fún Denzil pé kó má dìde, kó fi ìdí gùn ún, kó máa sún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Denzil sọ nǹkan kan nípa bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀! Sún sókè. Ẹyọ kan péré ni mo bẹ̀ ẹ́."

Denzil sún. Ìkẹrin. Arvella ń kà á jáde kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kó má baà sùn lọ. Ìkarùn-ún gùn bí ọdún. Lórí ìkẹfà, ó dúró. Ìkọ́ náà ti ń dínkù tẹ́lẹ̀, ó wá dákẹ́ pátápátá. Ilé pa lọ́lọ́. Arvella kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju ẹ̀rọ pálọ̀ tó ń kùn, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ fún ọkùnrin tí kò mira mọ́.

Jìnnìjìnnì bò ó. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó má lọ, ohùn obìnrin fóònù náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ tiwọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí amọ̀ tútù. Bó ṣe ń bẹ̀rù náà ló fa èémí sínú, ó sé e mọ́yà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ kó tó dé àárín. Ó fọwọ́ wá a, ó bá kọ́là aṣọ rẹ̀, ó sì fà. Ó rò pé yóò wúwo, kò wúwo, ọkùnrin náà ti rù kọjá bó ṣe mọ̀, ìyẹn sì tún dẹ́rù bà á. Ìkeje. Ìkẹjọ. Lórí ìkẹsàn-án ni èémí tó sé tán, ó mí, ó sì dà bí ẹni gbé iná mì.

Russ Kinsel ló gbà wọ́n. Aládùúgbò wọn ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe panápaná láìgbowó. Ó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tí fèrè panápaná orí òpó dún, kò sì dúró wọ bàtà. Ó gba ìdáná wọlé, ó ki Denzil lábẹ́ apá, ó gbé e jáde sórí koríko bí ẹni gbé ọmọ. Rọ́bà ti bọ́ lójú ọ̀nà. Ètè Denzil ti di búlúù. Arvella kúnlẹ̀ tì í, ó ń wúkọ́, ó sì ń wo àyà rẹ̀ bóyá yóò gbé sókè, kò sì lè mú ojú kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ àwọn aláìsàn fi dé.

Ẹ̀rù kò tán nílé ìwòsàn, ó kàn yí jókòó ni. Dókítà obìnrin kan tó kéré bí akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún un pé gáàsì yìí kì í ṣe ohun téèyàn jáde nínú rẹ̀ tán tó parí. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ti Denzil kò sì ní àyè tó ṣẹ́kù fún omi. Bó bá di ọ̀sán ọ̀la láìsí ìyẹn, ọkàn àwọn á balẹ̀. Arvella jókòó. Ó mu kọfí tó tutù, kò mọ̀ pé ó tutù. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yára rìn kọjá, á dìde. Ó ń gbọ́ èémí Denzil lábẹ́ ìbòmú, ó ń kà á, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀ kí èyí tó kàn tó dé, á nawọ́ kan àyà rẹ̀. Kò gbàdúrà nǹkan ńlá. Èyí tó kàn ṣáá ló ń tọrọ.

Ọ̀sán Ẹtì dé, ó kọjá, omi kò yọ. Denzil la ojú, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ohun tó bá Corinne sọ nípa àbàwọ́n ojú ère yẹn. Ó ní bílíìṣì ló ń mú àwọ̀ rúsúrúsú kúrò, gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun rí omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, òun ti alágbàfọ̀ bọ̀ ọ́, òun da bílíìṣì lé e. Òun fẹ́ kó ti jáde kí Arvella tó ti ẹ̀yìnkùlé dé. Arvella béèrè nípa ọ̀dà. Denzil ní, ọ̀dà wo? Ìgbà náà ló yé obìnrin náà. Ìsàlẹ̀ nídìí ààrò ni Denzil lo gbogbo ọdún rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kì í jẹ́ kí àwọn ará ìdí ààrò gun òkè níbi tí àwọn obìnrin ti ń kun nǹkan, torí eruku ara wọn. Ìkòkò tí kò tíì dán àti èyí tó dán ló ń kó jáde, wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn. Nínú ọkàn rẹ̀, kò sí àwọ̀ kan lára ìkòkò Hartsock tí kì í ṣe iná ló fi síbẹ̀, kí wá ni bílíìṣì lè fi irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Corinne wá sí ilé ìwòsàn dípò ilé. Russ ti gbé alágbàfọ̀ wá, ó fi ìwé ìròyìn wé e. Corinne gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi èékánná ta á, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó tún un dojú kọ ìmọ́lẹ̀. Kò sí ètè pupa, kò sí ìborí búlúù. Obìnrin funfun kan tí kò lójú ló bẹ̀rẹ̀ sídìí agbada.

"Hartsock ni lóòótọ́," Corinne sọ. "Ojú ẹ̀ mà tún mọ́ o. Dọ́là mẹ́jọ, Arvella. Mẹ́wàá, torí pé mo fẹ́ràn ẹ."

Arvella ní ó dáa. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ẹgbẹ̀ta dọ́là tó lọ kò dùn ún rárá. Ó gbá Corinne mọ́ra, ó gba ère náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi han Denzil, ó sì padà wọ yàrá.

Denzil ti ń dúró dè é. Wọ́n ti yọ ìbòmú, rọ́bà lásán ló kù, ara rẹ̀ sì ti ń pọ́n padà díẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba alágbàfọ̀, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Inú rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó gba owó iṣẹ́.

"Èló ni Corinne pè é?"

Wọ́n mọ Arvella káàkiri agbègbè yẹn pé kì í parọ́ iye nǹkan. Ó ti sọ fún opó kan rí pé ohun tó fi ogún ọdún tọ́jú kò tó ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yára ju ọkàn rẹ̀ lọ.

"Ẹgbẹ̀ta."

Denzil rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an tí Arvella ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, ṣé òun ò sọ, iṣẹ́ tí èèyàn fi ogún ọdún ṣe kì í kúrò lọ́wọ́. Ó sinmi díẹ̀, ó mí, ó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ìkòkò mọ́kànlá ló kù lórí sẹ́ẹ̀fù nísàlẹ̀, òun ti rí wọn. Òun ti mọ ibi tí òun ti ṣàṣìṣe, òun pẹ́ jù níbẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti dá òun sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, òun á ṣí fèrèsé sílẹ̀, òun á máa ṣe é ní méjì méjì, Arvella kò tilẹ̀ ní mọ̀.

Ara Arvella tutù nini. Ó rí ara rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú agbọ̀n. Ó rí àga tó ṣófo, ó sì rí i pé lọ́tẹ̀ yìí kò ní sí ìkọ́ kankan láti gbọ́.

"Irọ́ ni mo pa," ó wí. "Dọ́là mẹ́wàá ni. Ó ní ọ̀dà lára, ọ̀dà yẹn ló níye lórí, o sì ti fọ̀ ọ́ dànù. Fíníígà ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, Denzil. Kì í ṣe pípẹ́ lo pẹ́. Májèlé lo pò."

Ẹ̀rín náà kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń kúrò, Arvella sì ní láti dúró wò ó títí ó fi tán. Denzil gbé alágbàfọ̀ sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú sí ògiri. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ń dún.

"O ò bá ti jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ títí di ọ̀la," ó wí fún ògiri.

"Mi ò lè ṣe é," Arvella wí. "Ẹ̀rù ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí, mi ò kàn sọ ọ́ ni."

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Denzil kò yíjú padà. Ó fi ọwọ́ gbá rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sún mọ́ ògiri díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí àyè lè wà fún Arvella láti jókòó tì í.